Irin Tó Gé Lábẹ́ Típà Ṣàfíù

Ọjọ́ Ajé, 4/6/90

Òjò rọ̀ láti ìdájí. Nǹkan bí aago mẹ́wàá ni wọ́n wá pè mí níbi iṣẹ́ pé típà Ṣàfíù ti ṣe é léṣe ní Ìgàndó. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ gbá ọkọ̀ ni. Àṣé bọ́dì tó gbé sókè láti fi da yanrìn ló já wálẹ̀. Yanrìn tútù lẹ̀ mọ́ ìdí bọ́dì náà, Ṣàfíù sì sọ̀kalẹ̀ láti fi ṣọ́bìrì há a kúrò. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé ṣaásì, irin ìdí ọkọ̀ náà, ibẹ̀ ni bọ́dì ká a mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù kí n tó dé.

Píìnì, ọ̀pá irin tó so orí jáàkì tó ń ti bọ́dì sókè mọ́ ọn, ló gé. Èmi ni mo fi ẹ̀rọ gbẹ́ píìnì náà, ní oṣù kejì ọdún yìí. Mo wá a rí nínú ẹrẹ̀, mo nù ún, mo jù ú sínú àpò mi bí olè. Ojú ibi tó ti gé ní àwọ̀ méjì: apá kan dúdú bí ìdí ìkòkò, apá kejì ń dán. Mi ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ọdún mẹ́sàn-án lèmi àti Ṣàfíù ti jọ ń gbé ojúlé kan ní Ìdímù. Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa. Mo pẹ́ kí n tó wọlé lónìí.

Ọjọ́rú, 6/6/90

Mo lọ wò ó. Egungun ẹsẹ̀ náà ṣẹ́ ní ọ̀nà méjì, ṣùgbọ́n dókítà ní àwọn ò ní gé e. Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ kí mi, ó dá mi lóhùn gbogbo ohun tí mo bi í, kò sì wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ṣàfíù ní, "Akin, irin wo lo fún mi?"

Mo ní ṣáàfù ẹ̀yìn lọ́rí, ọ̀pá tó ń yí táyà, ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa Báyọ̀dé tó ń ta àlòkù irin ni mo ti rà á, ó ní láti jẹ́ pé irin burúkú ló tà fún mi. Mi ò tíì ronú rẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi báyìí, ó ti di òótọ́ lójú gbogbo ẹni tó wà nínú wọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Ẹtì, 8/6/90

Kamẹrúùnù na Ajẹntínà. Gbogbo ojúlé ń pariwo bí ẹni pé Ìdímù ló gbá bọ́ọ̀lù náà. Èmi ò lè jókòó tì wọ́n.

Mo ti lọ bá ẹ̀gbọ́n Báyọ̀dé ní ọ̀sán. Ó ní irin kan náà tí òun ti ń tà fún mi láti ọjọ́ yìí ni, ara ṣáàfù kan náà ni òun sì gé e. Ó mú èyí tó kù nílẹ̀ wá, ó ní kí n gbé e lọ yẹ̀ wò. Ohùn mi ròkè. Mo sọ fún un níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ó ti sọ Ṣàfíù di arọ. Mo gbé irin náà ṣá.

Ọjọ́ Ajé, 11/6/90

Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ irin pè wá. Alága ní ọ̀rọ̀ ti dé ibi ìbúra. Gbogbo wa mọ òfin: ní ẹgbẹ́ wa, a kì í fi Bíbélì búra, a kì í fi Kùránì. Ẹni tó ń jẹun lára irin, irin ni yóò fi ahọ́n kàn. Wọ́n gba píìnì tó gé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sórí àpótí.

Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀dé ló kọ́kọ́ fi ahọ́n kàn án. Ó ní bí irin tí òun tà fún mi kò bá dára, kí irin pa òun. Ó kàn mí. Mo ní bí kì í bá ṣe irin tó tà fún mi ló fa èyí, kí irin béèrè lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi ń rùn gíríìsì títí mo fi délé.

Ẹnì kan nínú wa ti búra èké, wọn ò sì mọ ẹni náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ra irin lọ́wọ́ Báyọ̀dé mọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi lójú.

Agnes ìyàwó mi kò fún mi lóúnjẹ. Ó bi mí bóyá bí mo ṣe máa ń lá irin nìyẹn kí n tó lọ gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní òfin iṣẹ́ ni. Ó ní òun gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14/6/90

Mo ti ṣèlérí fún Ṣàfíù pé n óò gbẹ́ píìnì tí kò ní gé láéláé. Típà náà kò gbọdọ̀ dúró. Òun ló ń bọ́ ilé wọn, Táyéwò àbúrò rẹ̀ sì ti ní òun yóò máa wà á.

Mo wá ọgbọ́n kan dá. Mo gé irin pẹlẹbẹ mẹ́ta, mo lu ihò sí wọn, mo ki irin kọjá láàárín wọn bí ó ṣe máa ń wà lábẹ́ típà, mo wá gbé gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹrin àwọn mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ wa. Wọ́n ń fún un, èmi ń wo mítà. Gbogbo irin tí mo dán wò, mo gbẹ́ wọn tín-ín-rín bí ìka mi, torí ẹ̀rọ yẹn kò lè gé èyí tó nípọn.

Irin ìkọ́lé gé kíákíá, ó sì kọ́kọ́ tẹ̀. Ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì gbìyànjú. Irin fáìlì àtijọ́ le ju gbogbo wọn lọ, ó wá fọ́ lójijì bí ìgò, àfọ́kù rẹ̀ kan sì gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá. Èyí tó le jù ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

Mo fi ṣáàfù ẹ̀gbọ́n Báyọ̀dé ṣe ìgbẹ̀yìn. Ó dúró dáadáa. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló dúró. Irin tó ṣẹ́ ẹsẹ̀ Ṣàfíù ni yìí, ó sì ń gbé ẹrù níwájú mi bí akin. Ó yẹ kí n sọ fún ẹnì kan. Mi ò sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16/6/90

Agnes mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún ní Akowonjo. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Póòlì nípa irin. Ọmọdé ni sí mi, ṣùgbọ́n ó mọ ìwé, mo sì ń fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ń fi bá mi sọ̀rọ̀. A wá ń bọ̀wọ̀ fúnra wa títí ọ̀rọ̀ fi fẹ́ má lè bẹ̀rẹ̀.

Ó ní irin tí à ń fà láti òkè àti ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí irin tí à ń gé bí ẹni fi síṣọ́ọ̀sì gé aṣọ. Irin tó bá lè gbé ẹrù mẹ́wàá bí a bá ń fà á, bí mẹ́fà ni yóò gbé bí a bá ń gé e. Ìyẹn yé mi. Ó ní kí n ya píìnì náà, kí n kọ bó ṣe nípọn tó. Mo yà á. Ó ṣe ìṣirò, ó tún un ṣe, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní lórí ìwé, ṣáàfù yẹn lè gbé ẹrù típà Ṣàfíù lọ́nà mẹ́ta, kó tún ṣẹ́kù.

Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé ó gé.

Ọjọ́rú, 20/6/90

Bí ṣáàfù lásán kò bá tó, ó yẹ kí ṣáàfù tó le sí i tó. Mo gbẹ́ píìnì tuntun, mo lù ú, mo fi iná sí i títí ó fi pupa bí ata rodo, mo wá rì í sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jíjó. Fáìlì kò lè bù ú jẹ. Èmi náà gbé orí mi sókè díẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gún, iyán rẹ̀ kì í lẹ́mọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 29/6/90

Píìnì náà gé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Kò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọlọ́run ló yọ wá, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ bọ́dì. Táyéwò ní kò tẹ̀, kò dún, ó kàn já ni. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ típà lé orí ẹ̀rọ mi. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Tí ẹ bá tún gbẹ́ òmíràn, ẹ̀yin ni kí ẹ wà á." Ọmọ náà kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí mi rí, èyí pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí.

Mi ò lè sọ pé Báyọ̀dé ló fa èyí.

Ọjọ́ Àìkú, 1/7/90

Wọ́n na Kamẹrúùnù. Ojúlé dákẹ́ pátápátá. Ó ti pẹ́ tí gbogbo ilé àti èmi ti jọ wà ní inú kan náà.

Ọjọ́bọ̀, 5/7/90

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún ní mo ti mú un le jù. Irin tó le jù kì í kìlọ̀ kó tó kú. Èyí tó ní agbára tó sì ní sùúrù la fẹ́, àwọn tí wọ́n ti po irin mìíràn bíi níkẹ́lì àti kúrómíọ̀mù mọ́ láti ibi tí wọ́n ti yọ́ ọ. Ó ní òun mọ ilé-iṣẹ́ kan tó ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ní ọ̀pá ẹ̀rọ agbẹ́rù kan tó jẹ́ irú irin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń wo ìwé ìṣirò rẹ̀, ó ń mi orí. Èmi tí mi ò kàwé jìnnà kò mọ̀, òun tó mọ̀wé kò mọ̀. Ta wá ni ká lọ bi?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10/7/90

Mo fi irin rírọ̀ gbẹ́ ọ̀kan, bóyá sùúrù nìkan ni ó ń fẹ́. Mo wa típà náà fúnra mi. Ó tẹ̀ ní ẹrù kẹta, mo sì yọ ọ́ kí ó tó gé.

Èyí tó le ṣẹ́, èyí tó rọ̀ tẹ̀, èyí tó wà láàárín ṣẹ́. Mo gbé wọn jókòó lórí tábìlì, à ń wo ara wa.

Ọjọ́bọ̀, 12/7/90

Ṣàfíù ti padà wálé pẹ̀lú igi lábíyá. Mo bá wọn gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti rù. Mo rẹ́rìn-ín, ojú mi sì ń ṣomi, mo ní èéfín ni.

Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n Báyọ̀dé ti ń tilẹ̀kùn ní ọ̀sán. Kò rí ẹni tà fún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14/7/90

Irin náà dé! Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún gbé e láti Akowonjo wá dé ẹnu ọ̀nà wa fún mi, ó wúwo ju bó ṣe rí lọ. Mo gbẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ tín-ín-rín bí ìka, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ mítà lọ, ó lọ, ó kan òpin, irin kò gé. Àwọn mẹkáníìkì pàtẹ́wọ́. Mo sáré lọ sọ fún Ṣàfíù, ó ní kí n rọra, kí n má lọ dá ẹsẹ̀ tèmi náà.

Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21/7/90

Mi ò mọ bí n óò ṣe kọ èyí.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún ní òun fẹ́ wá wo bí mo ṣe ń gbẹ́ irin òun. Kò dé ibi iṣẹ́ mi rí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò funfun wá, mo fún un ní àpótí, ó dúró. Mo gbẹ́ ẹ tán, ó ń dán bí ojú omi, mo wá gbé e sábẹ́ dírílì.

Ó ní, "Ọ̀gá Akin, ihò kí lẹ fẹ́ lù yẹn?"

Mo ní ihò gíríìsì ni. Ọ̀kan gba inú píìnì lọ gbọọrọ, méjì dábùú rẹ̀, kí gíríìsì lè jáde.

Ó bi mí bóyá gbogbo píìnì ni mo máa ń lù ú sí. Mo ní ṣé a rí píìnì tí kì í mu gíríìsì ni. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ní Mushin nìyẹn: lù ú sí ibi tí etí bọ́dì ti pàdé orí jáàkì gẹ́lẹ́, kí gíríìsì lè dé ara méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni àwọn awakọ̀ fi fẹ́ràn píìnì mi, kì í ké.

Ó ní kí n pa dírílì. Ó fún mi ní ẹfun, ó ní kí n fa ìlà sí ibi tí etí pàdé orí jáàkì, ibi tí ẹrù ti ń fẹ́ gé píìnì bíi síṣọ́ọ̀sì. Mo fà á. Ìlà náà gba àárín ibi tí mo ti sàmì sí láti lu ihò.

"Kò sí ihò kankan nínú ohun tí ẹ yà fún mi," ló wí.

Mo ní, "Ẹ ò bi mí."

Kò bínú. Ó jókòó sórí àpótí náà nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. Àwọn irin tí mo fi sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹrin, wọ́n tín-ín-rín jù láti lu ihò sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró. Ibi tí píìnì gangan ti nílò ẹran jù lọ ni èmi ti ń bù ú.

Ọjọ́ Àìkú, 22/7/90

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo to gbogbo píìnì náà sílẹ̀. Ti Ṣàfíù gé láàárín ihò. Ti Ìṣẹ̀rí gé láàárín ihò. Èyí tó rọ̀ ti là díẹ̀ ní ẹnu ihò. Apá dúdú tí mo rí ní ojú ti àkọ́kọ́, ẹnu ihò ló ti bẹ̀rẹ̀: ó ti ń sán láti ọjọ́ pípẹ́, gíríìsì tèmi ló sì ń wọ inú rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di dúdú. Ó tó ọ̀sẹ̀ méje tí wọ́n ti ń pọ̀ sí i lórí tábìlì mi. Mo gbé wọn yí po, mo wọ̀n wọ́n, mi ò rí ihò, torí ihò kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wò.

Ojú ń tì mí. Mo tilẹ̀kùn mọ́ ara mi bí ọmọ tó fọ́ àwo.

Ọjọ́ Ajé, 23/7/90

Mo bá Ṣàfíù níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí ni mo ń ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí irin Báyọ̀dé dé orí ahọ́n tí mo fi búra. Mọ̀dínátù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ṣàfíù fa igi rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Irú ihò yẹn, mélòó lo ti lù?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbẹ́ píìnì típà.

Ó ní, "Lọ mọ̀ ọ́n. Kó o tó wá bẹ̀ mí, lọ mọ̀ ọ́n."

Ó gbé igi rẹ̀, ó sì wọlé.

Ọjọ́rú, 25/7/90

Mo ti ka ogójì ó lé mẹ́ta tí mo rántí ẹni tó ni wọ́n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Mo dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́, mo sọ ọ́. Alága ní kí n rọra, pé bí àwọn onítípà bá gbọ́, wọn kò ní gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́, àti pé àwọn mìíràn náà ń lu ihò síbẹ̀. Mo ní ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbọ́ nìyẹn. Wọ́n yọ òfin kúrò lórí ẹ̀gbọ́n Báyọ̀dé. Wọn ò bẹ̀ ẹ́.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ṣáàfù rẹ̀ bó ṣe wà, láìfi iná sí i, ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún ní kí n máa fi gbẹ́ gbogbo àwọn tó kù, kí n máa lu ihò sí àárín orí jáàkì níbi tí ẹrù kò ti ń gé e. Mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ìsọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀dé kò wò mí.

Ó ní, "Má kí mi. Irin mi dára nígbà yẹn, ó dára báyìí. Ra èyí tó o fẹ́ rà, kó o máa lọ."

Mo ra mẹ́rin.

Ọjọ́ Ẹtì, 27/7/90

Mo ti gbẹ́ ti Ṣàfíù, irin ọ̀pá ẹ̀rọ agbẹ́rù yẹn ni mo lò fún un, ihò rẹ̀ sì wà níbi tó yẹ. Táyéwò ló wà á lọ. Èmi lọ sí ibi tí àwọn típà máa ń dúró sí ní Ìṣẹ̀rí-Olófin.

Awakọ̀ méjì àkọ́kọ́ lé mi. Wọ́n ní ta ló ń tú ohun tí kò bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ni Bàbá Ọláníyan, tó ń fi típà rẹ̀ da òkúta lọ́wọ́, bọ́dì rẹ̀ ti gòkè. Ó rí mi, ó yọ̀, ó ní ọdún mẹ́fà ni píìnì mi ti wà lábẹ́ ọkọ̀ òun, òun ló sì fi mí han ẹni mẹ́ta. Mo ní kí ó jẹ́ kí n yọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́, ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ wá nǹkan mìíràn tà.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo wọ abẹ́ bọ́dì náà, mo jókòó sórí ṣaásì.

Ó kígbe pé ṣé orí mi pé. Ó ní kí n jáde. Mo ní, "Bàbá, bí píìnì tí mo gbẹ́ bá dára, kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Ó gbójú sókè wo bọ́dì. Ó ní ó dáa, kí n jáde, òun yóò jẹ́ kí n yọ ọ́. Mo jáde. A fi igi ńlá méjì gbé bọ́dì dúró, a lu píìnì náà títí ó fi bọ́, mo fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́.

Láti ẹnu ihò, ìlà dúdú kan jáde lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì, tín-ín-rín bí irun. Mo fi èékánná wọ́ ọ, èékánná mi há sínú rẹ̀. Mo gbé e fún bàbá náà, òun náà fi tirẹ̀ wọ́ ọ.

Kò bú mi. Ó dì í mú lọ́wọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn típà tó dúró tẹ̀lé e, ó ní kí ẹni yẹn sọ̀kalẹ̀.